Kọ̀ǹpútà kan, ọmọ púpọ̀: ṣé kí n da gbogbo home mi sínú /etc/skel ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ará ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, àlòkù ni, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀. Ákáǹtì tèmi ti dùn-ún lò gan-an, fọ́tò Ojúde Ọba ló wà lójú ẹ̀, LibreOffice ń ṣe bí mo ṣe fẹ́, Firefox ń lọ tààrà síbi tí mo ní kó máa lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ọmọ tuntun bá dé, tí mo bá ṣí ákáǹtì fún un, ńṣe ló máa rí bí ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ubuntu sí i, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó látìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá kan ní kí n kàn kọ́pì gbogbo home mi sínú /etc/skel, ó parí. Ẹlòmíì ní kí n ti gbogbo ẹ̀ pa kí ọmọ kankan má lè yí nǹkan kan padà. Ẹlòmíì tún ní kí ni mo ń ṣí ákáǹtì rẹpẹtẹ fún, kí gbogbo wọn máa lo ẹyọ kan. Èwo ni kí n ṣe? Ọmọ mẹ́jọ ti ní ákáǹtì tẹ́lẹ̀ o, mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ wọn sọnù.

---

Tíṣà, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ́pì nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí /etc/skel ń ṣe ná, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

/etc/skel ò ju fódà lásán lọ. Ohunkóhun tó bá wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí ákáǹtì, sístẹ̀mù á kọ́pì ẹ̀ sínú home ẹni tuntun (fódà tí gbogbo nǹkan ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń wà), á sì sọ ọ́ di ti onítọ̀hún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ `ls -A /etc/skel` nínú tẹ́mínà (fèrèsé tá a ti ń tẹ àṣẹ) lórí Ubuntu tàbí Debian tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, fáìlì mẹ́ta lẹ máa bá níbẹ̀: .bashrc, .profile àti .bash_logout. Àmì tótó tó ṣáájú orúkọ wọn ló ń fi wọ́n pamọ́, ìdí nìyẹn tí fódà náà á fi dà bí òfìfo lójú yín tẹ́ ẹ bá ṣí i láìtẹ Ctrl+H.

Ẹ ṣe àkíyèsí "lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí ákáǹtì" yẹn dáadáa. Ẹ wo aṣọ tí ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń yàn fún Ojúde Ọba, ẹni tó bá ti gba tiẹ̀ tó sì ti rán an, ẹgbẹ́ lè pààrọ̀ àwọ̀ lọ́dọ̀ aláṣọ lọ́la, ìyẹn ò ní yí èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀ padà. Bí skel ṣe rí nìyẹn. Àwọn ọmọ mẹ́jọ tó ti wà, ohun tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀ lónìí ò kàn wọ́n rárá. Àwọn tó bá dé lọ́la á gbà á, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún yí i padà lọ́tùnla, àwọn ará ọ̀la ò ní rí ìyípadà yẹn.

Nǹkan kékeré kan tún wà ńbẹ̀: `adduser` ni kẹ́ ẹ máa fi ṣí ákáǹtì, kì í ṣe `useradd`. Lórí Debian àti Ubuntu, tẹ́ ẹ bá tẹ `useradd` láìfi `-m` sí i, kò ní dá home sílẹ̀ fún ẹni náà, kò sì ní kọ́pì skel kankan. Lórí Fedora, `useradd` náà ló máa dá home sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó sọ pé skel òun bàjẹ́, skel ò bàjẹ́, àṣẹ tó tẹ̀ ni kò pè é.

---

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ bọ̀dá yẹn, pé kẹ́ ẹ da gbogbo home yín sí i. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù níta nìyẹn, ó sì dùn-ún gbọ́ torí pé àṣẹ kan ṣoṣo ni. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, àní ká sọ ọ́ gbangba, ó léwu.

Ẹ wo ohun tó wà nínú home èèyàn. Firefox tí ẹ ti fi wọ báńkì àti í-meèlì, páswọ́ọ̀dù tó bá yín tọ́jú wà nínú fáìlì méjì, logins.json àti key4.db, ẹni tó bá ti ní méjèèjì lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò sì fi páswọ́ọ̀dù àgbà tì wọ́n, ó ti rí gbogbo ẹ̀. Kúkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ló ń jẹ́ kí Firefox máa rántí pé ẹ ti wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń lo ssh (ohun tá a fi ń wọ kọ̀ǹpútà míì látòkèèrè), kọ́kọ́rọ́ yín wà nínú .ssh. Gbogbo àṣẹ tẹ́ ẹ ti tẹ̀ rí wà nínú .bash_history. Gbogbo èyí lẹ fẹ́ pín fún gbogbo ọmọ tó bá wọlé?

Ọ̀rọ̀ àlá kọ́ lèyí. Ibì kan wà ní Rẹ́mọ níbí tí mo lọ bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọmọ tuntun kan jókòó, ó ṣí Firefox, ló bá bọ́ sínú í-meèlì ọ̀gá tó ń tọ́jú sístẹ̀mù, lẹ́tà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wà lókè pátápátá. Ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan burúkú, ńṣe ló kàn ń wò. Ọ̀gá ọ̀hún ti da home ẹ̀ sínú skel ṣáájú ìgbà yẹn.

Ká tiẹ̀ ní ẹ ò ní àṣírí kankan, ohun míì tún wà. Ọ̀pọ̀ fáìlì sẹ́tíǹgì ló ń kọ ọ̀nà gígùn sínú ara wọn. Àwọn fódà tẹ́ ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì máníjà wà nínú .config/gtk-3.0/bookmarks, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni file:///home/tisa/Documents, ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ á lọ kan ilẹ̀kùn yín tó wà ní títì. Keyring, àpótí tí sístẹ̀mù ń kó páswọ́ọ̀dù sí, náà ńkọ́? Páswọ́ọ̀dù tiyín ló ń ṣí i, nítorí náà gbogbo ìgbà ni sístẹ̀mù á máa bi ọmọ léèrè páswọ́ọ̀dù tí kò mọ̀. Fódà .cache, níbi tí àwọn ètò ń kó nǹkan ìgbà díẹ̀ sí, nìkan lè wúwo ju gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ kan máa ṣe lọ́dún lọ, ẹ wá sọ ọ́ dọ́nà ogún lórí díìsìkì kékeré.

---

Ẹnì kan láti Ṣágámù ní ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti ń da home sínú skel, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìyàwó ẹ àti àwọn ọmọ ẹ nìkan ló ń lò ó, ọ̀rọ̀ ẹ yé mi, ilé ẹ ni. Ọmọ ọlọ́mọ ni Tíṣà ń ṣí ákáǹtì fún, kò jọra.

Ọ̀nà tó dáa nìyí. Ẹ ṣí ákáǹtì kan tí ẹnikẹ́ni ò ní lò, ẹ pè é ní "apeere". Ẹ wọlé pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má wọ í-meèlì kankan, ẹ má ṣí fáìlì ẹnikẹ́ni. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ yí padà, ẹ pa ètò náà dé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ:

find ~ -type f -mmin -5

Àṣẹ yìí á to gbogbo fáìlì tí ọwọ́ kàn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Èyí tẹ́ ẹ ń wá wà láàárín wọn. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí skel, ní ọ̀nà kan náà tó wà nínú home. Fún LibreOffice, ẹ máa rí i pé .config/libreoffice/4/user/registrymodifications.xcu ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí fáìlì yẹn torí ó kan gbogbo wa tí NEPA ń fìyà jẹ. LibreOffice, bó ṣe wá láti ilé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló máa ń tọ́jú iṣẹ́ pamọ́ fúnra ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ jù níbi tí iná lè lọ láàárín gbólóhùn kan! Ọmọ á tẹ àròkọ dé ìdajì, iná á lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn kọ̀ǹpútà ti kú. Ẹ lọ sí Tools, Options, Load/Save, General nínú ákáǹtì apeere, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí fáìlì xcu yẹn, ẹ máa rí ìlà tí AutoSave wà nínú ẹ̀. Àmọ́ fáìlì kan náà yìí ló ń rántí àwọn fáìlì tẹ́ ẹ ṣí kẹ́yìn àti orúkọ tẹ́ ẹ fi sínú LibreOffice, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ má ṣí nǹkan kan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà tí Histories wà nínú ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí skel.

---

Ẹ padà sí fọ́tò Ojúde Ọba yín. Skel kọ́ ni ibi tó yẹ kó wà.

Bí èmi ṣe ń pín in nìyí. Ohun tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ lásán, tí ọmọ lè sọ di tiẹ̀ lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ ò sì ní bèèrè mọ́, ẹ fi í sí skel. Ohun tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ lè yí padà lóṣù tó ń bọ̀ fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, àtàwọn mẹ́jọ tó ti wà àtàwọn tó ń bọ̀, ibi tí sístẹ̀mù fúnra ẹ̀ ti ń kà á ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Bí ẹ bá di ìyàtọ̀ yìí mú, ìdajì iṣẹ́ ti tán.

Fún GNOME, ìyẹn ètò tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà jáde lórí Ubuntu, dconf tó ń tọ́jú sẹ́tíǹgì ẹ̀ ni ibi yẹn. Ẹ ṣí fáìlì /etc/dconf/profile/user, tí kò bá sí ẹ dá a sílẹ̀, kó ní ìlà méjì yìí:

user-db:user
system-db:local

Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé, kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ fúnra ẹ̀ yàn, tí kò bá yan nǹkan kan, wo ti gbogbo ilé. Ẹ wá dá fáìlì kan sílẹ̀ ní /etc/dconf/db/local.d/00-lesini:

[org/gnome/desktop/background]
picture-uri='file:///usr/share/backgrounds/ojude-oba.jpg'
picture-uri-dark='file:///usr/share/backgrounds/ojude-oba.jpg'

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tẹ `sudo dconf update` (sudo ló ń fún àṣẹ lágbára ọ̀gá sístẹ̀mù). Ẹ má gbàgbé ti ìkẹyìn yìí o, láìsí i kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ẹ kàn máa jókòó síbẹ̀ ẹ máa bínú sí Linux. Ìlà kejì, ti dark, fún ọmọ tó bá fẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà dúdú ni, torí GNOME ti ya fọ́tò ti dúdú sọ́tọ̀.

Ẹ tún rí i pé inú /usr/share/backgrounds ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́pì fọ́tò sí. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ nínú Pictures tiyín, ojú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ á ṣófo. Látorí Ubuntu 21.04 ni wọ́n ti ń ti home ẹnì kan mọ́ ẹlòmíì, 750 ni nọ́ńbà ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń fún un, ohun tó wà nínú ilé yín ò ṣeé kà láti ilé ọmọ. Èyí gan-an ló fà á tí èèyàn púpọ̀ fi ń sọ pé "mo ṣe gbogbo ẹ̀ àmọ́ fọ́tò ò jáde."

Ọmọ tó ti yan fọ́tò tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, tiẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ìyẹn dáa bẹ́ẹ̀ lójú tèmi.

Ẹni tó bá ń lo Xfce dípò GNOME torí pé RAM kò tó, ọ̀nà ẹ yàtọ̀: /etc/xdg/xfce4 lẹ máa wò, ibẹ̀ ni sẹ́tíǹgì gbogbo ilé wà.

---

Ọ̀rọ̀ ti ń yà bàrá lọ sórí kíbọ́ọ̀dù o, àmọ́ ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ẹnì kan ní kí ni ọmọ fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ṣe nígbà tó jẹ́ pé òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò JAMB. Ẹlòmíì dáhùn pé tí ọmọ Ìjẹ̀bú ò bá lè tẹ ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ń lò lójoojúmọ́, ibo ló ti máa kọ́ ọ? Ẹ̀yìn ẹni kejì yìí ni mo wà. Yorùbá wà nínú ìdánwò WAEC náà, ọmọ tó ń kọ́ ọ ní láti lè tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé.

Kò ní kí ẹ yan ọ̀kan. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú Linux lọ́fẹ̀ẹ́, abẹ́ Nàìjíríà ló wà pẹ̀lú ti Hausa àti Igbo. Ẹ ṣí /etc/default/keyboard, ẹ kọ ọ́ báyìí:

XKBLAYOUT="us,ng"
XKBVARIANT=",yoruba"

Ti US ló ṣáájú, ti Yorùbá tẹ̀ lé e, ọmọ á máa fi Super àti spésì bọ́ láti ọ̀kan sí ìkejì. Ìdí tí mo fi ní kí US ṣáájú ni ojú ìwọlé. Níbẹ̀, tótó tótó ni páswọ́ọ̀dù máa ń jáde, ọmọ ò rí lẹ́tà tó ń tẹ̀, tí kíbọ́ọ̀dù bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì, ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní wọlé, á ní ẹnì kan ti yí páswọ́ọ̀dù òun padà. Ọmọ tó ti yan kíbọ́ọ̀dù tiẹ̀ nínú Settings ṣáájú, ẹ lọ fi Yorùbá kún un níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe wà níbẹ̀, ẹ wo èdè tí sístẹ̀mù ń lò. Tó bá jẹ́ en_US, ìwé Letter ni LibreOffice máa rò pé ẹ ní, bẹ́ẹ̀ A4 ni gbogbo wa ń rà. Àwọn ọmọ á tẹ lẹ́tà, etí ẹ̀ á gé kúrò nínú prínta. Ẹ lo en_NG.

---

Dátà. Tíṣà ò bèèrè, àmọ́ ẹni mẹ́ta ti dá a sílẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù làwọn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà sì ń jẹ dátà láìbèèrè. Ọ̀kan ní òun ti pa gbogbo ìmúdójúìwọ̀n rẹ́ pátápátá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ ogún ń fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni ò tún ihò ara ẹ̀ dí, ọjọ́ kan á kan gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí sístẹ̀mù mọ̀ pé owó ni dátà yẹn:

nmcli connection modify "ORÚKỌ WÍFÍ" connection.metered yes
sudo snap set system refresh.metered=hold

Èyí á jẹ́ kí ìmúdójúìwọ̀n tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra ẹ̀ dúró nígbà tẹ́ ẹ bá wà lórí họ́tísípọ́ọ̀tì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní dátà tó pọ̀, tàbí tẹ́ ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ síbi tí wífí wà, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ `sudo apt update` àti `sudo apt upgrade`. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù.

---

Sórí ẹni tó ní kí gbogbo ọmọ máa lo ákáǹtì kan. Mo mọ ibi tó ti ń wá. Páswọ́ọ̀dù kan ni, kò sí pé ọmọ gbàgbé, kò sí pé ẹnì kan lọ láìjáde. Fún ẹni tó wá tẹ ìwé kan kó sì máa lọ, ó dáa. Fún ọmọ lẹ́sìn, rárá o. Ọmọ kan á fi fáìlì ẹ̀ sórí désíkítọ́ọ̀pù, èkejì á ní ó ń dí òun lọ́wọ́, á pa á rẹ́. Ọmọbìnrin kan á fi fọ́ọ̀mù ìdánwò ẹ̀ tó ní ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù ìyá ẹ̀ síbẹ̀, gbogbo ayé á kà á. Ọmọ náà ní àṣírí, bó ti wù kó kéré tó.

Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nínú ákáǹtì kan yẹn ni ibi tí wọ́n á ti jọ pín iṣẹ́, ìyẹn sì rọrùn:

sudo groupadd lesini
sudo mkdir /srv/lesini
sudo chgrp lesini /srv/lesini
sudo chmod 3770 /srv/lesini
sudo setfacl -d -m g:lesini:rwx /srv/lesini

3 tó wà níwájú 770 yẹn ló ṣe pàtàkì. Ó ń ṣe iṣẹ́ méjì: fáìlì tí wọ́n bá dá sílẹ̀ níbẹ̀ á di ti gbogbo ẹgbẹ́, àmọ́ ẹni tó ni ín nìkan ló lè pa á rẹ́, òun àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú sístẹ̀mù. Tí setfacl ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi `sudo apt install acl` gbé e wọlé. Ẹ wá ṣí /etc/adduser.conf, ẹ fi `ADD_EXTRA_GROUPS=1` àti `EXTRA_GROUPS="lesini"` sí i, gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ bá fi adduser ṣí ákáǹtì fún látòní lọ á bọ́ sínú ẹgbẹ́ náà láìsọ nǹkan kan. Àwọn mẹ́jọ àtijọ́, `sudo adduser orúkọ lesini` fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jáde kí wọ́n tún wọlé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa kọ́pì fáìlì síbẹ̀, kí wọ́n má gbé e lọ síbẹ̀, torí fáìlì tí wọ́n bá gbé lọ, ẹ̀tọ́ àtijọ́ ẹ̀ ló máa gbé dání, àwọn tó kù lè má rí i ṣí.

Fún páswọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ẹ fún ọmọ ní èyí tó rọrùn, kẹ́ ẹ sì tẹ `sudo passwd -e orúkọ`. Bó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kíní, sístẹ̀mù á ní kó yan tiẹ̀. Ẹ̀yin náà ò ní mọ̀ ọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

Ẹni tó ń kígbe pé fíìmù ló kún díìsìkì òun, `sudo du -sh /home/*` á sọ ẹni tó ni ín fún yín. Quota náà wà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ààlà sí i, ẹ ṣètò ààlà fún apeere, kẹ́ ẹ kọ `QUOTAUSER="apeere"` sínú adduser.conf yẹn náà, gbogbo ọmọ tuntun á gba ìwọ̀n kan náà.

---

Ọ̀rọ̀ tó gbóná jù nìyí: ṣé kí a tì í pa? Ẹni tó ń tọ́jú ọ́fíìsì kan ní Ìlíṣàn ní òun ti gbogbo nǹkan pa, fọ́tò, fọ́ńtì, àwọ̀, gbogbo ẹ̀, torí pé òun ò fẹ́ ìyọnu. dconf gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ dá fáìlì sílẹ̀ nínú /etc/dconf/db/local.d/locks/, ẹ kọ orúkọ sẹ́tíǹgì sí i, bíi /org/gnome/desktop/background/picture-uri, ẹ ṣe dconf update, ẹnikẹ́ni ò lè yí i padà mọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ọmọ kan wà tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, ó ń lẹ imú mọ́ kọ̀ǹpútà kó tó lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ti ti ìwọ̀n lẹ́tà pa pẹ̀lú gbogbo nǹkan yòókù. Sẹ́tíǹgì tó lè ràn án lọ́wọ́ wà lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, text-scaling-factor ló ń jẹ́, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Kò sì sọ fún ẹnì kankan, torí ọmọ ò ní fẹ́ káwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ mọ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà ohun tí mo dúró lé ni pé, ohun tó ń ná yín lówó, tàbí tó lè pa ẹlòmíì lára, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ tì. Ohun tó jẹ́ ti ojú ọmọ, ti ọwọ́ ọmọ, ti etí ọmọ, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ tó bá yí fọ́tò padà sí ti eléré bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn ò ba nǹkan kan jẹ́, inú home ẹ̀ nìkan ló wà.

Fún Firefox, fáìlì kan wà, /etc/firefox/policies/policies.json, Firefox tó bá wá bíi snap (irú àkójọ ètò tí Ubuntu ń lò) náà ń kà á:

{
  "policies": {
    "Homepage": { "URL": "https://yo.wikipedia.org", "Locked": false },
    "OfferToSaveLogins": false
  }
}

Mo pe ti páswọ́ọ̀dù yẹn ní dandan. Lórí kọ̀ǹpútà àjọlò, kò yẹ kí Firefox máa bi ọmọ bóyá kó bá a tọ́jú páswọ́ọ̀dù, torí "bẹ́ẹ̀ ni" ni ọmọ máa tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ti ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ rí i pé mi ò tì í. Tí kọ́mà kan bá sọnù nínú fáìlì yẹn, Firefox ò ní tẹ̀ lé nǹkan kan nínú ẹ̀, ẹ tẹ about:policies sókè níbi àdírẹ́ẹ̀sì, á fi àṣìṣe hàn yín tó bá wà.

---

Tíṣà tún bèèrè: "Àwọn ọmọ mẹ́jọ yẹn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kẹta mi rèé."

Ẹ má bínú. Fọ́tò, Firefox, A4, dátà, gbogbo ìyẹn ti dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan home wọn, torí inú sístẹ̀mù lẹ fi wọ́n sí. LibreOffice nìkan ló kù, torí skel ló wà. Ẹ má kọ́pì fáìlì xcu lé tiwọn lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní sẹ́tíǹgì tiwọn níbẹ̀. Ẹ jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ọmọ mẹ́jọ péré ni, wọ́n á sì kọ́ nǹkan kan ńbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó pe ọmọ tuntun kankan, ẹ dán an wò. `sudo adduser idanwo`, ẹ jáde kúrò nínú tiyín pátápátá, ẹ wọlé bí idanwo, ẹ wo fọ́tò, ẹ tẹ lẹ́tà kan, ẹ ṣí Firefox, ẹ dé /srv/lesini. Tí gbogbo ẹ̀ bá pé, `sudo deluser --remove-home idanwo`.

---

Ìbéèrè ìkẹyìn látọ̀dọ̀ ẹnì kan ní Ìkẹ́nnẹ́: tí Ubuntu bá mú ara ẹ̀ dójú ìwọ̀n, ṣé kò ní nu gbogbo ohun tá a ṣe?

Kò ní nù ún. Fáìlì tuntun tẹ́ ẹ fúnra yín dá sílẹ̀, sístẹ̀mù ò mọ̀ ọ́n, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Èyí tẹ́ ẹ bá yí padà nínú àwọn tó bá a wá, bíi .bashrc inú skel, á dúró á bi yín bóyá kó fi tiyín sílẹ̀ àbí kó fi tuntun rọ́pò ẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń tẹ Y láìkà á. Nítorí náà ẹ má fọwọ́ kan .bashrc yẹn, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ẹ fi í sínú fáìlì tiyín ní /etc/profile.d, kí orúkọ ẹ̀ parí pẹ̀lú .sh. Kẹ́ ẹ sì kọ́pì skel, adduser.conf, policies.json, fáìlì kíbọ́ọ̀dù àti fódà dconf sórí fúláàṣì kan. Tí díìsìkì àlòkù yẹn bá kú lọ́jọ́ kan, ẹ máa tò ó padà sórí kọ̀ǹpútà míì láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.